Ẹ̀rọ Tí Kò Ní Àmì Ní Ore: Ta Ni Yóò Yẹ̀ Ẹ́ Wò?

"Iná gbé e." Gbólóhùn kúkúrú yìí ni wọ́n fi ń ròyìn ikú ọmọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ pa. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ tán, olùgbọ́ a káwọ́ lérí, a ní "ó mà ṣe o", ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Gbólóhùn náà sọ iná di ẹlẹ́sẹ̀, bí ẹni pé ó rìn wọ ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, ó gbé ẹni tó wù ú, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ọ̀gá nínú gbólóhùn náà. Kò sí wáyà tó bó, kò sí ẹni tó ta ẹ̀rọ, kò sí ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn. Nígbà mìíràn, ìbátan kan a rọra fi kún un pé ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti dé ọ̀dọ̀ ayé, ta ni yóò tún padà lọ tú ìdí ẹ̀rọ wò?

Ìlú tí iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ sí ni gbólóhùn yìí ti ń ṣèkà jù, Ore sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni, oríta tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Benin ti pàdé ọ̀nà ìlú Oǹdó àti ti Òkìtìpupa. Àwọn àgbà mọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ogun abẹ́lé, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Biafra dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967 kí wọ́n tó dá wọn padà. Àwọn èrò ọkọ̀ òde òní mọ̀ ọ́n mọ́ ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń yà kí wọ́n lè jẹun, kí wọ́n na ẹsẹ̀, kí wọ́n sì ra búrẹ́dì dání. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló gbé ìlú náà ró. Gẹdú láti igbó ọba Oluwa àti agbègbè rẹ̀ ń wọ àwọn ilé ìlagi. Àwọn ajórin, tí ìgboro ń pè ní wẹ́dà, ń ṣe géètì àti ara ọkọ̀. Àwọn tó ń ta ẹja inú yìnyín ní fírísà mẹ́ta mẹ́rin nínú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo. Ilé búrẹ́dì ń po ìyẹ̀fun lóru. Àwọn onígèrun, àwọn tó ń tẹ ìwé, àwọn tó ń ṣe omi inú ọ̀rá, hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ tò lọ bẹẹrẹ lẹ́bàá títì. Ní ìlú Odigbo fúnra rẹ̀ àti àwọn abúlé tó yí i ká, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí ìjọba Gómìnà Rotimi Akeredolu sì ti dá àgbègbè ilé-iṣẹ́ Ondo-Linyi sílẹ̀ lápá ibẹ̀, ẹ̀rọ ńláńlá ti dara pọ̀ mọ́ kéékèèké.

Ọkọ̀ tó bá gba oríta yìí kọjá gbọ́dọ̀ mú ìwé dání. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tàbí àwọn VIO bá dá a dúró, awakọ̀ yóò fi ìwé hàn wọ́n pé wọ́n ti yẹ ọkọ̀ náà wò, pé ọjọ́ orí ìwé náà kò tíì pé. Ilé epo tí awakọ̀ náà ti ra epo pàápàá ń gba àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lálejò, tí wọ́n ń wá wọn epo bóyá lítà kan pé lítà kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìgégi ọlọ́wọ́ tí ọmọ iṣẹ́ ń dì mú láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí okùn rẹ̀ ti bó níbi mẹ́ta, kò sí ẹni tó bi í léèrè ìwé rí. Ìjọba mọ iye epo tó wọ inú táńkì ju bó ṣe mọ iye iná tó ń wọ ara ènìyàn lọ.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yà wá lẹ́nu, nítorí èdè Yorùbá kò fi iná yìí ṣeré. Mànàmáná tí wọ́n pè é, orúkọ iná ojú ọ̀run ni. Nígbà tí àjọ tó ń rí sí iná lórílẹ̀-èdè yìí fẹ́ fi ère sí iwájú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Marina l'Ékòó ní 1964, Ṣàngó ni Ben Enwonwu ṣe fún wọn. Ẹni tó bá wà nídìí Ṣàngó ní èèwọ̀ tó ń pa mọ́, ó sì mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kàn. Èèwọ̀ wo ni ẹni tó wà nídìí iná ní ṣọ́ọ̀bù ń pa mọ́?

Níbòmíràn, èèwọ̀ náà ti di ìwé pélébé kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ okùn ẹ̀rọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin lórí iná mànàmáná níbi iṣẹ́, tí wọ́n ṣe ní 1989 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 1990, sọ ọ́ di dandan fún agbanisíṣẹ́ láti tọ́jú gbogbo ohun èlò iná kí ó má baà ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Láti inú òfin yẹn ni àṣà ti gbilẹ̀ pé kí onímọ̀ máa yẹ kẹ́tùlù, ẹ̀rọ ìlunhò, kọ̀ǹpútà àti okùn iná wò lóòrèkóòrè, kí ó sì lẹ àmì mọ́ èyí tó bá yege. Ọmọ Yorùbá tó bá ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tàbí ilé ìwòsàn ní London mọ àmì kékeré náà, ó sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ ewé, ó sì máa ń ní ọjọ́ lára.

Ti Australia àti New Zealand tún wu ènìyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìlú bíi Ore. Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé níbẹ̀, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni àyẹ̀wò, àwọ̀ àmì sì ń yí padà pẹ̀lú ìgbà: pupa láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, àwọ̀ ewé láti oṣù Kẹta dé oṣù Karùn-ún, àwọ̀ aró láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹjọ, àwọ̀ ìyeyè láti oṣù Kẹsàn-án dé oṣù Kọkànlá. Ọmọ iṣẹ́ tí kò mọ ìwé kà yóò wo okùn ẹ̀rọ, yóò rí i pé pupa ṣì ni nígbà tí àwọ̀ ewé ti dé, yóò sì mọ̀ pé ẹ̀rọ náà kò tíì fojú kan onímọ̀ láti ìgbà yẹn. Kò nílò kí ọ̀gá sọ fún un. Kò nílò gẹ̀ẹ́sì.

Àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe awo. Ojú ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́: ṣé okùn ti bó, ṣé pulọ́ọ̀gì ti fọ́, ṣé ibì kan ti jó dúdú, ṣé wọ́n fi ọ̀rá so wáyà pọ̀? Àjọ tó ń rí sí ààbò níbi iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń tẹnu mọ́ ọn pé ojú lásán ń rí púpọ̀ nínú àṣìṣe tó wà lára ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ojú, onímọ̀ yóò wò bóyá wáyà ilẹ̀ dé ara irin ẹ̀rọ láìjá, nítorí wáyà yẹn ló yẹ kó gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀ dípò kó gba ara ènìyàn kọjá. Lẹ́yìn èyí ni yóò mú ẹ̀rọ tí gbogbo oníná mọ̀ sí Megger, yóò rán volt 500 sí ìbora wáyà láti mọ̀ bóyá iná ń jò. Lára ẹ̀rọ onírin, bí èsì bá kéré sí megohm 1, ẹ̀rọ náà kò yege. Fún ẹ̀rọ kékeré kan, gbogbo iṣẹ́ yìí kì í pẹ́. Megger kan kò sì tó owó jẹnẹrétọ̀ ńlá kan.

Bí ẹ̀rọ London bá nílò irú ìtọ́jú yìí, ti Ore nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Iná tó ń wá kì í dúró lójú kan. Nígbà mìíràn ó rọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí íńjìnnì ẹ̀rọ yóò máa kùn láìlè yí, tí ooru yóò sì máa jẹ ìbora wáyà inú rẹ̀. Nígbà mìíràn ó tún dé pẹ̀lú agbára tó ju ti ẹ̀yìn lọ, tí gílóòbù yóò fọ́. Ẹ̀rọ tó bá jóná, wọn kì í sọ ọ́ nù. Ẹni tó ń tún wáyà inú íńjìnnì wé yóò wé e, àwọn kan nínú wọn sì mọ iṣẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń wọn ìbora rẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà fún oníṣẹ́. "Ó ti ń yí" ni ẹ̀rí tí wọ́n ń fún un.

Ilé ìlagi tún ní ewu tirẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú igi ń wọ inú súìṣì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń gba ọ̀rinrin mọ́ra nígbà òjò, òjò agbègbè igbó yẹn kì í sì í ṣe kékeré. Okùn iná ń gba abẹ́ òkìtì lẹ́búlẹ́bú kọjá, kò sẹ́ni tó ń rí i títí tí ayùn tàbí ẹsẹ̀ tírélà yóò fi gé e. Ní ọ̀dọ̀ àwọn wẹ́dà, okùn kan náà ń gba inú omi àti epo kọjá, ọmọ iṣẹ́ sì lè wọ sálúbàtà tó ti lu. Ní ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja, yìnyín ń yọ́ sílẹ̀, obìnrin tó ń tajà dúró nínú omi, ọwọ́ rẹ̀ tó tutù sì wà lára irin fírísà. Bí fírísà náà bá ti ń ṣọ́ọ̀kì díẹ̀díẹ̀, ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún un ni pé kó wọ bàtà rọ́bà, tàbí kó gbé pákó síbi tí yóò máa dúró. Ẹ̀rọ ti sọ àìsàn rẹ̀ jáde lẹ́nu ara rẹ̀, wọ́n wá lọ ra bàtà fún aláìsàn mìíràn.

Ti jẹnẹrétọ̀ kékeré ló burú jù, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù fi ń ṣiṣẹ́. Kò sí irin tí wọ́n gún mọ́lẹ̀ fún un, wáyà méjì péré ló ń jáde látinú rẹ̀. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó ti Yúróòpù dé pẹ̀lú orí pulọ́ọ̀gì tó yàtọ̀, wọ́n gé orí náà sọ nù, wọ́n fi wáyà méjì há sọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìṣáná, wáyà ilẹ̀ tí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà fi sí i fún ààbò sì di ohun tí wọ́n gé dànù. Ẹni tó ṣe é lóye ohun tó ń ṣe. Ẹni tó gé e rò pé wáyà kẹta kò wúlò, nítorí ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ láìsí i.

Ìgbàgbọ́ kan tún wà tó ń pa ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá gbà pé bí ewu bá dé, fíúsì yóò já. Fíúsì amp 13 tó wà nínú pulọ́ọ̀gì wà láti dáàbò bo okùn kí ó má baà gbóná gbiná. Kò mọ ènìyàn rí. Iná milliamp 10 sí 20 ti tó láti mú kí iṣan ọwọ́ fún pọ̀ mọ́ ohun tó dì mú tí kò sì ní lè jù ú sílẹ̀. Milliamp 30 tó bá gba àyà kọjá fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lè da ìlù ọkàn rú. Ìyẹn kò tó ìdá kan nínú 400 iye tí fíúsì náà ń dúró dè kó tó ka ara rẹ̀ sí ẹni tí wọ́n bá wí. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ pé "iná gbé e" rí ohun kan nítòótọ́: ẹni náà fẹ́ tú ọwọ́, ọwọ́ kò tú. Ẹ̀rọ tó ń já iná fún ààbò ènìyàn wà, RCD ni wọ́n ń pè é, milliamp 30 sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dúró lé. Ṣùgbọ́n RCD kì í ṣiṣẹ́ bó ti yẹ lórí jẹnẹrétọ̀ tí wọn kò so mọ́ ilẹ̀ bó ṣe tọ́, òun náà sì nílò kí ẹnì kan máa dán an wò.

Òfin ńkọ́? Òfin kò wọ́n. Òfin ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ti 1987, tí àwọn agbẹjọ́rò mọ̀ sí Factories Act, ti pàṣẹ pé kí onímọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí máa yẹ ìkòkò ńlá tó ń se ooru, ẹ̀rọ agbéniròkè àti ẹ̀rọ agbẹ́rù wò ní àkókò tí wọ́n dá, kí wọ́n sì tọ́jú ìwé rẹ̀. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè sọ pé àyẹ̀wò ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí wọ́n dá jẹ́ àṣà àjèjì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìlànà tó ṣe kedere bẹ́ẹ̀, tó ní ọjọ́ àti ìwé, kò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ìgégi ọlọ́wọ́ àti fírísà ẹlẹ́ja. Lẹ́yìn èyí ni NEMSA dé pẹ̀lú òfin 2015, òfin iná ti 2023 sì tún gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́: kí ó máa yẹ ìtò iná àti ohun èlò rẹ̀ wò, kí ó sì máa fún àwọn oníná ní ìwé-ẹ̀rí. Àjọ NERC ń ka iye ènìyàn tí iná pa lórí ọ̀nà iná, ó sì ń gbé e jáde nínú ìròyìn rẹ̀. Nígbà tí wáyà já bọ́ lu àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù ní Calabar ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, gbogbo orílẹ̀-èdè gbọ́. Ẹni tí fírísà pa ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù kò sí nínú ìròyìn kankan, nítorí iṣẹ́ BEDC tó ń pín iná parí sídìí mítà.

Láti ìdí mítà dé ọwọ́ òṣìṣẹ́, ta ló ni ibẹ̀? Ìwé òfin orílẹ̀-èdè fi ààbò òṣìṣẹ́ sínú àwọn ọ̀rọ̀ tí Abúja nìkan lè ṣòfin lé lórí. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ìwé náà ní 2023 fún àwọn ìpínlẹ̀ lágbára lórí iná, ìpínlẹ̀ Oǹdó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á: ní 2024, NERC pàṣẹ pé kí àkóso ọjà iná ìpínlẹ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ àjọ tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀. Nítorí náà, Àkúrẹ́ lágbára lórí iná, kò lágbára lórí ààbò òṣìṣẹ́. Abúja lágbára lórí ààbò òṣìṣẹ́, ojú rẹ̀ kò sì tó ẹ̀yìn ọjà Ore. Àárín àwọn méjèèjì ni ọmọ iṣẹ́ dúró sí.

Ṣùgbọ́n ẹnì kẹta wà tí kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀. Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin 1999 to iṣẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé àwọn ni kí wọ́n máa ṣàkóso ṣọ́ọ̀bù àti búùkù, ilé oúnjẹ, ilé búrẹ́dì àti ilé ìfọṣọ. Ẹ tún un kà: ilé búrẹ́dì wà níbẹ̀ ní orúkọ. Ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo kò nílò kí Abúja yọ̀ǹda fún un kó tó sọ pé ilé búrẹ́dì tàbí ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja tó bá fẹ́ tún ìwé àṣẹ rẹ̀ ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ tó ní àmì àyẹ̀wò hàn. Òfin kékeré kan tí àwọn kánsẹ́lọ̀ lè jókòó ṣe ní Ore ni. Àwíjàre owó pàápàá ti dínkù, nítorí ilé ẹjọ́ tó ga jù ti dá a ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ilé ìlagi kò sí nínú àkọsílẹ̀ náà ní orúkọ, abẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń ṣàkóso igbó ọba ni iṣẹ́ gẹdú wà; ṣùgbọ́n ìjọba tó ń gba owó lórí gẹdú lè fi àyẹ̀wò wáyà kún ohun tó ń bèèrè.

Àwọn oníṣọ́ọ̀bù yóò bínú bí wọ́n bá gbọ́ èyí, wọn kò sì jẹ̀bi. Wọ́n ti mọ ìwé lílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù ní ìlú Yorùbá èyíkéyìí mọ àwọn ọmọkùnrin tó ń gbé ìwé kiri, tí wọ́n ń lẹ ti rédíò, ti pátákó ìpolówó, ti ìmọ́tótó, tí wọn kì í wo ohunkóhun ju àpò onílé lọ. Bí àmì ẹ̀rọ bá di ọ̀kan nínú wọn, yóò burú ju kí àmì má sí lọ, nítorí yóò fi ọkàn ọmọ iṣẹ́ balẹ̀ lórí irọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ya ẹni tó ń gba owó sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò. Oníná tó ní ìwé-ẹ̀rí NEMSA tàbí tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ LECAN, ẹgbẹ́ àwọn agbaṣẹ́ṣe iná, ni kí onílé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ yàn. Kí orúkọ oníná náà wà lára àmì, kí iye megohm tó rí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kí ó sì wà nínú ìwé pé òun ni yóò jẹ́jọ́ bí ẹ̀rọ tó fọwọ́ sí lánàá bá pa ènìyàn lónìí nípa àṣìṣe tó yẹ kó rí. Ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lórí àmì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa yà wọlé lójijì, kí ó yan ẹ̀rọ díẹ̀, kí ó tún wọn wò.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Òfin wọn kò sọ pé gbogbo ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gba àmì lọ́dọọdún. Ìtọ́jú ni òfin ń bèèrè. Àwọn tó ń ta àyẹ̀wò ló sọ ọ́ di ti ọdọọdún fún gbogbo nǹkan títí kan gílóòbù orí tábìlì, àjọ ààbò wọn sì ní láti jáde sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Ore, kò sí ìdí fún onígèrun láti san owó kan náà bíi ti onílé ìlagi. Ẹ̀rọ tó ń wọ inú omi, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ dì mú àti èyí tí ara rẹ̀ jẹ́ irin ni kí wọ́n máa yẹ̀ wò lóòrèkóòrè. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì lè dúró pẹ́.

Ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín pé ta ló ń sọ ti àyẹ̀wò ẹ̀rọ níbi tí iná kò sí. Omotosho tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, tí kò jìnnà sí Ore, ní ilé-iṣẹ́ amúnáwá méjì. Èkíní, tí agbára rẹ̀ tó megawatt 335, ti wà níbẹ̀ láti 2007. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, títí kan apá kan nínú Odigbo, wà nínú òkùnkùn fún ọdún gbọọrọ. Ẹ̀gàn ńlá ni, ó sì yẹ kí ẹnu má dákẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ti gba ipò iná ìjọba, volt tó ń jáde látinú rẹ̀ kò sì fẹ́rẹ̀ yàtọ̀. Ìlú tó ń ṣe iná ara rẹ̀ nílé ló yẹ kó ṣọ́ ara rẹ̀ jù.

Àwọn tó lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de kánsù ni ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹgbẹ́ wẹ́dà ní ọjọ́ ìpàdé, wọ́n ní owó ìtanràn fún ẹni tó bá pẹ́ dé, wọ́n lè ti ṣọ́ọ̀bù ọmọ ẹgbẹ́ tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́nà àìtọ́. Kí ló dé tí kò sí owó ìtanràn fún ọ̀gá tó fún ọmọ iṣẹ́ ní ẹ̀rọ tí okùn rẹ̀ bó? Megger kan lè tó fún gbogbo ẹgbẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná ní Yunifásítì Olusegun Agagu ní Òkìtìpupa lè wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Àwọn òbí náà ní ìbéèrè láti bi. Ní ọjọ́ tí bàbá bá mú ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́, wọ́n ń kọ ìwé àdéhùn. Bàbá yóò bèèrè iye ọdún, yóò bèèrè bóyá ọmọ yóò máa sùn lọ́dọ̀ ọ̀gá, yóò bèèrè ohun tí òmìnira yóò ná an. Kì í bèèrè pé kí ọ̀gá fi wáyà ilẹ̀ hàn òun. Kò sì mọ̀ pé òfin ìsanwó fún òṣìṣẹ́ tó fara pa, èyí tí wọ́n ṣe ní 2010, ka ọmọ iṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tí agbanisíṣẹ́ ń san fún gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni òfin ní kó máa san fún NSITF, kí ìdílé ẹni tó kú sẹ́nu iṣẹ́ má baà padà sílé pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà mélòó lẹ́bàá títì ló ti gbọ́ orúkọ NSITF rí? Ohun tí ìdílé sábà ń rí gbà ni owó pósí àti ọ̀gá tó ń sunkún, ẹkún náà sì lè jẹ́ òtítọ́.

Ibi tí ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà. Sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo wà ní Ore. Jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn ilé, ẹ̀rọ tó ń da ìwé kọ, fáànù, kẹ́tùlù tí wọ́n fi ń se omi tíì, okùn ẹ̀ksitẹ́ńṣọ̀n abẹ́ tábìlì akọ̀wé: kí wọ́n pe oníná tó ní ìwé-ẹ̀rí, kí ó yẹ gbogbo wọn wò láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tó bá yege, kí wọ́n lẹ àmì mọ́ ọn. Èyí tí kò bá yege, kí wọ́n gé okùn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà tún kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n wá lẹ àbájáde rẹ̀, ti rere àti ti búburú, mọ́ pátákó ìta níbi tí ẹni tó wá san owó ṣọ́ọ̀bù yóò ti kà á. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn ilé búrẹ́dì.